Ráúta mọ orúkọ wọn, nọ́ńbà nìkan ni èmi ń rí: ẹ bá mi yẹ PTR yìí wò

Onínọ́ńbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan kalẹ̀ sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni 192.168.1.2. Pi-hole ló wà lórí rẹ̀, òun ló ń bá gbogbo ẹ̀rọ yòókù wá orúkọ. Ráúta, ìyẹn 192.168.1.1, ló ń fi DHCP pín àdírẹ́ẹ̀sì. Íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere. Àmọ́ bí mo bá ṣí ojú ìwé Pi-hole láti wo ẹ̀rọ tó ń béèrè nǹkan, nọ́ńbà ni látòkèdélẹ̀: 192.168.1.50, 192.168.1.63, 192.168.1.77. Ta ni ta ni? Mi ò mọ̀.

Èyí tó tún rú mi lójú ni pé bí mo bá tẹ `ping itewe.local`, kíá ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á dáhùn. Orúkọ ń di nọ́ńbà, nọ́ńbà ni kò padà di orúkọ mọ́. Òmíràn ni pé bí mo bá fẹ́ fi ssh wọ kọ̀ǹpútà tí mo ń kó fáìlì sí (192.168.1.63), ńṣe ló máa dúró gbagidi fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó bi mí ní páswọ́ọ̀dù. Mo fi aago kà á. Ṣé àìsàn kan náà ni àbí méjì ni?

wáyà_gígùn

Àlọ àti àbọ̀ kì í ṣe ọ̀nà kan náà nínú DNS, ìyẹn ètò tó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, o. Rẹ́kọ́ọ̀dù A ló ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, rẹ́kọ́ọ̀dù PTR ló ń sọ nọ́ńbà di orúkọ. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, bí a bá sì kọ ọ̀kan, èkejì kò ní dédé kọ ara rẹ̀, àfi tí sọ́fítíwíà kan bá ń bá ọ ṣe é.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ orúkọ 192.168.1.50, á kọ́kọ́ dà á kọjú sẹ́yìn, á wá béèrè `50.1.168.192.in-addr.arpa`. Ìdí tó fi ń dà á ni pé nínú orúkọ, apá ọ̀tún ni ohun tó tóbi jù máa ń wà. Nínú àdírẹ́ẹ̀sì, apá òsì ni. Tí wọn ò bá dà á, kò sí bí wọ́n ṣe lè gé e ní sóònù-sóònù, ìyẹn apá-apá, fún àwọn tó ni ín.

Ní ti `itewe.local` yẹn, o ò tíì dán DNS rẹ wò rárá. mDNS nìyẹn. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà rẹ pariwo sáàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sí 224.0.0.251 ní pọ́ọ̀tù 5353, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ sì ní "èmi rèé". Pi-hole ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan.

Ṣe mẹ́ta yìí kí o kó èsì wọn wá:

```
dig -x 192.168.1.50 @192.168.1.1
dig -x 192.168.1.50 @192.168.1.2
dig -x 192.168.1.50 @8.8.8.8
```

Má yọ `@` yẹn kúrò. Tí o ò bá dárúkọ ẹni tí ò ń bi, o ò ní mọ ẹni tó dá ọ lóhùn.

kíákíá

Ti ssh yẹn ò le. Kọ `UseDNS no` sínú `/etc/ssh/sshd_config`, tún sshd (apá ssh tó ń gbàlejò lórí kọ̀ǹpútà náà) bẹ̀rẹ̀, ó parí.

Ìyá_Sáfà

Kíákíá, o tún ti dé. Ìyẹn ò wo àrùn náà sàn, ó kàn máa bò ó mọ́lẹ̀ ni. Láti OpenSSH 6.8 tó jáde ní 2015, `no` ni UseDNS máa ń jẹ́ bí a kò bá yí i padà. Bí sshd bá ṣì ń wá orúkọ ẹni tó kanlẹ̀kùn, ó ní ẹni tó kọ `yes` síbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kì í tilẹ̀ ṣe DNS ló ń fà á. GSSAPI, ọ̀nà ìdánimọ̀ kan tí ssh tún lè lò, náà máa ń fa irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Fi `ssh -vvv` wọlé kí o wo ìlà tó ti dúró.

Onínọ́ńbà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí o kà yẹn, o ṣe dáadáa bí o ṣe kà á. Nínú Linux, bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni kọ̀ǹpútà ń dúró de sáfà DNS kó tó gbà pé kò ní dáhùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń gbìyànjú. Márùn-ún lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́wàá. Ẹnì kan wà tí kọ̀ǹpútà fáìlì rẹ ń bi ní ìbéèrè tí kò dá a lóhùn rárá. Lọ wo `/etc/resolv.conf` lórí 192.168.1.63 fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ tí o jókòó sí. sshd tó wà lọ́hùn-ún ló ń wá orúkọ rẹ, kì í ṣe ìwọ lò ń wá orúkọ tiẹ̀.

Onínọ́ńbà

Hàà. Èsì rèé, mo gé e kúrú:

```
@192.168.1.1   NOERROR    50.1.168.192.in-addr.arpa. PTR itewe.home.arpa.
@192.168.1.2   NXDOMAIN
@8.8.8.8       NXDOMAIN
```

Ohun tí mo sì bá nínú `/etc/resolv.conf` kọ̀ǹpútà fáìlì nìyí:

```
nameserver 192.168.1.9
```

192.168.1.9 kẹ̀! Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo ti tú palẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀. Torí pé kọ̀ǹpútà fáìlì kì í jáde lọ síbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò fura. `UseDNS yes` náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ń ronú ẹni tó kọ ọ́. Èmi náà ni, ta ni ì bá tún jẹ́.

Mo ti yí i sí 192.168.1.2. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí Enter, ó ti bi mí ní páswọ́ọ̀dù. Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Àmọ́ orúkọ ò tíì jáde o, nọ́ńbà ṣì ni gbogbo wọn.

wáyà_gígùn

Àìsàn méjì ni nígbà náà, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ka gbogbo "kò rí i" sí ọ̀kan náà.

Ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí pé sáfà ti kú, tàbí fáyáwọ́ọ̀lù dí ọ̀nà, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì tí ò ń bi kò sí. Ó máa ń jẹ àkókò. REFUSED ni "mi ò dá irú ẹ lóhùn". SERVFAIL ni "mo gbìyànjú, nǹkan dàrú mọ́ mi lọ́wọ́". Ṣùgbọ́n NXDOMAIN, ìdáhùn ni. Sáfà gbọ́ ọ, ó wò ó, ó ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ kò ní lọ bi sáfà kejì mọ́, torí èyí àkọ́kọ́ ti dáhùn.

Ìbéèrè mi ni pé: DNS mélòó ni ráúta rẹ ń pín fún àwọn ẹ̀rọ?

Onínọ́ńbà

Méjì. 192.168.1.2 ni àkọ́kọ́, 8.8.8.8 sì ni àfirọ́pò, bí Pi-hole bá lọ kú.

wáyà_gígùn

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yọ 8.8.8.8 kúrò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló gbà pé èkejì jẹ́ àfirọ́pò. Àwọn kan ń lo èyí tó bá kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, àwọn kan ń yí láti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kan bá bi 8.8.8.8 nípa 192.168.1.50, NXDOMAIN ni yóò gbà, yóò sì gbà á gbọ́.

Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Láti 1996 tí RFC 1918 (ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì) ti ya 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16 sọ́tọ̀ fún abẹ́lé, ẹnikẹ́ni ló lè ní 192.168.1.50. Èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ, èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, àti àìmọye mìíràn, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Kò sí sáfà kankan níta tó lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni tìrẹ. Ẹni tó pín àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ló mọ̀, ráúta rẹ sì ni. Iṣẹ́ tó kù ni kí Pi-hole mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ráúta ló yẹ kó ti lọ béèrè.

atọpinpin

Mo kàn fẹ́ fi èyí dẹ́rìn-ín pa yín. Àwọn ìbéèrè abẹ́lé tó bá jò jáde síta, ibì kan wà tí wọ́n ń dà wọ́n sí. Iṣẹ́ AS112 ni wọ́n ń pè é: àwọn sáfà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa sọ "kò sí" lọ, kí ìdọ̀tí wọ̀nyí má baà di ẹrù sórí àwọn sáfà gidi. Orúkọ méjì nínú wọn ni `blackhole-1.iana.org` àti `blackhole-2.iana.org`. Orúkọ tó wà nínú SOA wọn (rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń dárúkọ olórí sáfà sóònù) sì ni `prisoner.iana.org`. Ẹlẹ́wọ̀n! Bí ẹ bá rí i nínú lọ́ọ̀gì yín lọ́jọ́ kan, ẹ má bẹ̀rù pé olè ló wọlé. Ìbéèrè yín ló jáde láìgbàyè.

Ìyá_Sáfà

Ohun tí o máa kọ rèé. Bí o bá ń lo dnsmasq (sọ́fítíwíà DNS tó wà nínú Pi-hole) lásán:

```
rev-server=192.168.1.0/24,192.168.1.1
server=/home.arpa/192.168.1.1
```

Nínú Pi-hole, "Conditional forwarding" ni wọ́n ń pè é nínú sẹ́tìńgì DNS. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ mọ̀: ìwọ̀n nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ, àdírẹ́ẹ̀sì ráúta, àti orúkọ dòmẹ́ènì abẹ́lé.

Wàá rí i pé àpótí kan wà níbẹ̀ tó ní kí Pi-hole má ṣe gbé ìbéèrè PTR abẹ́lé jáde. `bogus-priv` ni dnsmasq ń pè é, òun ló sì fún ọ ní NXDOMAIN yẹn. Má pa á o. Iṣẹ́ rere ló ń ṣe, òun ni kì í jẹ́ kí ìbéèrè rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. `rev-server` yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí o dárúkọ nìkan.

Inú mi dùn pé `home.arpa` ni ráúta rẹ ń lò. RFC 8375 ti 2018 ló yà á sọ́tọ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ sọ dòmẹ́ènì yín ní `.local`, ẹ yí i padà, mDNS ló ni ín. Ẹ ó kàn máa jà lásán ni.

Onínọ́ńbà

Ẹ gbà mí o. Mo ṣe é. Orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde, mo ti ń jó. Kò tó wákàtí kan, íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ṣí lọ́ọ̀gì, èyí ló kún inú rẹ̀:

```
Maximum number of concurrent DNS queries reached (max: 150)
```

Ìbéèrè nípa 192.168.1.77 ló ń tún ara rẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Mo ti pa Conditional forwarding náà ná.

Ìyá_Sáfà

Ó yẹ kí n ti kìlọ̀, ẹ má bínú. Wọ inú ráúta, kí o wo DNS tí ráúta fúnra rẹ̀ ń lò láti jáde. Mi ò sọ èyí tó ń pín fún àwọn ẹ̀rọ o. Mo lè búra pé 192.168.1.2 lo kọ síbẹ̀.

Onínọ́ńbà

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí ẹ wà níbẹ̀.

Ìyá_Sáfà

Mo ti ṣe é rí ni. Pi-hole bi ráúta: "ta ni 192.168.1.77?" Ráúta kò bá a nínú ìwé DHCP rẹ̀, ó ní kí òun bi ọ̀gá òun, ìyẹn Pi-hole. Pi-hole ní ọ̀dọ̀ ráúta ni wọ́n ní kí òun ti béèrè. Bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù yẹn síra wọn nìyẹn títí 150 fi pé. Ti 192.168.1.50 kò ṣe bẹ́ẹ̀ torí ráúta mọ̀ ọ́n, ó dáhùn, eré parí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Jẹ́ kí ráúta máa lo DNS tó wà níta fún ara rẹ̀, kó má ṣe bi Pi-hole ní ohunkóhun. Tàbí kí o gba iṣẹ́ DHCP lọ́wọ́ ráúta, kí o gbé e fún Pi-hole, kí ẹni tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì àti ẹni tó ń dáhùn jẹ́ ẹnì kan náà. Èkejì ni èmi fẹ́ràn jù, torí kò sí pé ẹnì kan ń lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì mọ́. Ṣùgbọ́n pa DHCP ti ráúta kí o tó tan tuntun. Méjì kì í pín àdírẹ́ẹ̀sì nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan.

ilé_unbound

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń lo Unbound, sọ́fítíwíà DNS mìíràn. Èmi jókòó tì í ní òru kan gbáko. Mo kọ forward-zone, mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì ráúta, síbẹ̀ NXDOMAIN ni. Àṣé Unbound ti ní ìdáhùn tiẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé, bí RFC 6303 ṣe là á sílẹ̀, kò tilẹ̀ dé ibi tí mo kọ nǹkan mi sí. Èyí ló ṣí ọ̀nà:

```
server:
  local-zone: "168.192.in-addr.arpa." nodefault
  domain-insecure: "168.192.in-addr.arpa."
forward-zone:
  name: "168.192.in-addr.arpa."
  forward-addr: 192.168.1.1
```

Bí ẹ bá gbàgbé `domain-insecure`, tí DNSSEC (àyẹ̀wò pé ìdáhùn DNS kì í ṣe ayédèrú) sì wà ní títàn, ẹ lè máa rí SERVFAIL. Ẹni tó ń lo 172.16 kí ó ṣọ́ra: láti 16 dé 31 ni, sóònù mẹ́rìndínlógún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀kan.

dọ́ọ̀tì_kan

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, BIND, sọ́fítíwíà DNS kan náà, ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Mo kọ sóònù PTR fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ìlà márùndínláàádọ́ta, mo kọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo dán an wò, ohun tó dá padà rèé:

```
ero.home.arpa.1.168.192.in-addr.arpa.
```

Mo wò ó títí. Mo ro pé BIND ti ya wèrè. Dọ́ọ̀tì ìparí ni mi ò fi sí i. `PTR ero.home.arpa` ni mo kọ, `PTR ero.home.arpa.` ló yẹ kó jẹ́. Bí dọ́ọ̀tì kò bá sí níparí, BIND gbà pé orúkọ kò tíì pé, á fi orúkọ sóònù tì í. Mo wá tún un ṣe, mo tún un gbé wọlé, kò yí padà lórí sáfà kejì. Mo ti gbàgbé láti sọ nọ́ńbà serial, èyí tó ń jẹ́ kí sáfà kejì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, di ńlá. Ọjọ́ yẹn lọ báyẹn.

alábòójútó

Ti Windows: bí ẹ bá ṣí `nslookup` tó sì kọ `Server: UnKnown`, kò túmọ̀ sí pé DNS bàjẹ́. Ńṣe ló wá PTR sáfà DNS fúnra rẹ̀, kò rí i. Ẹ ṣe PTR fún sáfà náà, ó lọ nìyẹn. Àti pé bí a bá gbé Active Directory (ètò Windows tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀rọ àti àwọn tó ń lò wọ́n) kalẹ̀, sóònù àlọ ló ń dá, ti àbọ̀ kì í dá ara rẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń dá a.

Onínọ́ńbà

Mo ti yí ti ráúta, ó ń lo 9.9.9.9 fún ara rẹ̀ báyìí. 8.8.8.8 ti kúrò nínú ohun tó ń pín. Ariwo lọ́ọ̀gì dákẹ́. Ṣùgbọ́n `dig -x 192.168.1.63` lórí láptọ́ọ̀pù mi ṣì ní NXDOMAIN, bẹ́ẹ̀ bí mo bá bi Pi-hole tààrà pẹ̀lú `@`, ó dáhùn dáadáa.

wáyà_gígùn

Káàṣì ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìdáhùn àtẹ̀yìnwá sí. "Kò sí" náà ń wà nínú káàṣì bí "ó wà" ṣe ń wà níbẹ̀, RFC 2308 ló là á sílẹ̀. `resolvectl flush-caches` lórí Linux tó ń lo systemd-resolved, `ipconfig /flushdns` lórí Windows.

Lẹ́yìn náà, lo `getent hosts 192.168.1.63` pẹ̀lú. `dig` kì í ka `/etc/hosts`, kì í sì wo `/etc/nsswitch.conf`, ọ̀dọ̀ DNS ló ń lọ tààrà. `getent` ló ń tọ ọ̀nà tí ssh àtàwọn yòókù ń tọ̀. Èsì wọn lè yàtọ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti yàtọ̀ ni kí o walẹ̀ sí. Má retí pé mDNS yóò gbà ọ́ níbẹ̀: `mdns4_minimal` tó sábà máa ń wà nínú nsswitch kì í wá orúkọ àdírẹ́ẹ̀sì kankan àfi 169.254. Bí o bá fẹ́ bi mDNS ní tipátipá, `avahi-resolve -a 192.168.1.50`.

Onínọ́ńbà

Ó ti jáde! Ó ku 192.168.1.77 tó fẹ́ pa mí lọ́jọ́sí. Mo lo `ip neigh`, mo rí nọ́ńbà MAC rẹ̀ (èyí tí wọ́n kọ mọ́ ẹ̀rọ lára), mo wá rìn káàkiri tí mò ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni. Àdírẹ́ẹ̀sì tí mo fọwọ́ kọ fún un ló ń lò, kò bá DHCP sọ̀rọ̀ rí, ìdí nìyẹn tí ráúta ò fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Sáfà

Kọ ọ́ sínú `/etc/hosts` lórí 192.168.1.2. Orúkọ gígùn ni kó ṣáájú, torí èyí tó bá kọ́kọ́ wà lórí ìlà ló máa ń jáde bí a bá béèrè láti inú nọ́ńbà:

```
192.168.1.77   kamera.home.arpa   kamera
```

Àwọn fóònù ńkọ́? Bí ọ̀kan bá ń yí orúkọ padà, wo bóyá ó ń lo MAC àdámọ̀ọ́dá. Pa á fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ nìkan.

Onínọ́ńbà

Fóònù kan wà bẹ́ẹ̀, mo ti pa á. Mo tún ojú ìwé náà ṣí láàárọ̀ yìí:

```
192.168.1.50   itewe.home.arpa
192.168.1.63   fayili.home.arpa
192.168.1.77   kamera.home.arpa
```

Ó ku ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80, àdírẹ́ẹ̀sì IPv6 ni. Wáyà_gígùn, mo ka bí wọ́n ṣe ń da IPv6 kọjú sẹ́yìn nínú ip6.arpa, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n, dọ́ọ̀tì láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pa ojú ìwé náà dé. Kó máa jẹ́ fe80 lọ.